Òdòdó wo ló lè dúró níwájú ilé tí oòrùn ọ̀sán ń pa?

Ìbéèrè láti Ìsánlú, nílẹ̀ Ọ̀kun ní ìpínlẹ̀ Kogi:

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kun o. A ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé wa ni, iwájú ẹ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, láti aago méjìlá ọ̀sán ni oòrùn ti ń jó ibẹ̀ títí táá fi wọ̀, kò sí igi kankan tó ṣíji bò ó. A ti da íntálọ́ọ̀kì síbẹ̀, àyè tó ṣẹ́ kù ò ju ẹsẹ̀ ògiri àti ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńsì lọ. Kérésì tó kọjá mo ra òdòdó tó rẹwà wá láti Àbújá, ixora, rose àti hibiscus, mo gbìn wọ́n kí n tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ìgbà tí màá fi délé ní Ọdún Àjíǹde gbogbo ẹ̀ ti gbẹ, ixora méjì tó kù náà, ewé wọn ti di yẹ́lò. Àwọn kan ní omi ni ò tó, àwọn kan ní ilẹ̀ wa ni ò dáa, ìyàwó mi ní ká kúkú da íntálọ́ọ̀kì bo gbogbo ẹ̀ ká sinmi. Kí lẹ rí sí i? Èwo la lè gbìn táá yọ òdòdó tí kò ní kú?"

* * *

Má tíì da íntálọ́ọ̀kì bo nǹkan kan o, àbúrò. Oòrùn kọ́ ló pa òdòdó yẹn. Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ òdòdó tá a mọ̀ nílẹ̀ yìí, oòrùn ni wọ́n ń wá, tí wọn ò bá rí oòrùn tààrà tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ ewé lásán ni wọ́n á máa kó jọ. Irú ibi tó o ní yẹn, àwọn tí ilé wọn wà lábẹ́ ọdán àti máńgòrò ń wá a kiri. Àsìkò tó o gbìn ín ló kọ́kọ́ pa á, ohun kejì ni ògiri, mo ń bọ̀ lórí ti ògiri.

Ṣé ẹ rí i, gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí nílẹ̀ Ọ̀kun níbí. December làwọn ọmọ ìlú ń wálé láti Àbújá àti Èkó, December lowó wà lọ́wọ́, December ni wọ́n ń kun ilé, wọ́n á bá àwọn tó ń ta òdòdó létí títì ní Lọ́kọ́ja pàdé, wọ́n á kó o sínú búùtù. Òdòdó tó jẹ́ pé abẹ́ àtíbàbà ló ti dàgbà, tí wọ́n ń bomi rin láàárọ̀ lálẹ́, tí gbogbo gbòǹgbò ẹ̀ ò ju inú náílọ́nù dúdú kékeré yẹn lọ, wọ́n á gbé e jáde sínú ọyẹ́, sínú atẹ́gùn tó ń la èèyàn létè, wọ́n á dẹ̀ fi í sílẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ January. Òjò ti ká kúrò nílẹ̀ láti nǹkan bí ìparí October, òmíràn ò ní rọ̀ dáadáa títí March fi máa parí tàbí kí April wọlé. Kí ló fẹ́ mu láàárín ìgbà yẹn?

Tó o bá fẹ́ gbìn, dúró de òjò. Kì í ṣe òjò kan ṣoṣo tó rọ̀ ní March tó tún wábi gbà lọ o, jẹ́ kó fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí àwọn àgbẹ̀ ṣe máa ń dúró kí wọ́n tó ju àgbàdo sílẹ̀. Láti ìparí April títí wọ July dáa gan-an, kí ọyẹ́ tó dé gbòǹgbò á ti wọlẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ December nìkan láyè ń gbà ẹ́ láti wálé, ra á tó bá wù ẹ́, àmọ́ kó wà nínú náílọ́nù ẹ̀ lẹ́yìnkùlé lọ́dọ̀ Màmá, lábẹ́ ìbòòji, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, kí wọ́n máa fún un lómi, tójò bá dé kẹ́nìkan bá ẹ gbìn ín. Kí wọ́n dẹ̀ kọ́kọ́ máa gbé e sí oòrùn àárọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, torí tó bá jẹ́ láti inú ìbòòji ló bọ́ sójú oòrùn ọ̀sán lẹ́ẹ̀kan náà, ewé ẹ̀ á jó, á funfun, á sì rẹ̀ dànù.

* * *

Ọ̀rọ̀ omi ló wá gba gbogbo ilẹ̀ láàárín àwọn tó kọ̀wé dá sí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn kan ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ lojoojúmọ́ ni kéèyàn máa bomi rin òdòdó, pé òdòdó tó bá gbẹ, ọ̀lẹ ló ni ín. Bọ̀dá kan láti Mọ́pà ta kò wọ́n, ó lóun ò fún òdòdó òun lómi rí, bougainvillea òun, òdòdó ẹlẹ́gùn-ún tó ń gun fẹ́ńsì yẹn, dẹ̀ ń pọ́n yòò lórí fẹ́ńsì láti November títí dé March. Ìyá kan láti Kábà wá bi í pé ṣé gbogbo òdòdó ni bougainvillea ni.

Ẹ̀yìn ìyá Kábà yẹn lèmi wà, àmọ́ mi ò sí lẹ́yìn àwọn elójoojúmọ́. Ife omi kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ̀ ń dà sẹ́sẹ̀ òdòdó láràárọ̀ yẹn, òkè ilẹ̀ ló ń mọ, ibi tí oòrùn á ti gbà á kí aago mẹ́wàá tó lù. Gbòǹgbò dẹ̀ ń tẹ̀ lé omi ni, tómi bá wà lókè, òkè lòun náà á dúró sí, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rìnrìn àjò báyìí ó ti parí. Ẹ da odidi korobá kan sẹ́sẹ̀ ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kó wọlẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ wá fi í sílẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Ìyẹn ni fún ọ̀gbẹlẹ̀ àkọ́kọ́. Tó bá ti la ọ̀gbẹlẹ̀ kan kọjá, àwọn tó lágbára nínú wọn ò tún ní yọ yín lẹ́nu mọ́.

Ẹ wá wò ó o, ní February tí kànga ti lọ sílẹ̀, tó jẹ́ ilẹ̀ mọ́ tán ká gbé jálá ló kù, tí omi tí wọ́n ń tà pàápàá wọ́n, ta ló fẹ́ gbé korobá mẹ́wàá fún òdòdó? Ohun tí mo fi ń bá gbogbo èèyàn jiyàn rè é. February ni kẹ́ ẹ fi yan òdòdó. Tẹ́ ẹ bá fi June yàn án, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá rí ló máa wù yín, torí kò sí ohun tí kì í dáa ní June. Ẹ bi ara yín pé omi mélòó ló máa ṣẹ́ kù nílé yìí fún òdòdó tó bá di February, iye yẹn ni kẹ́ ẹ bá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á.

Omi tá a fi fọ ìrẹsì, tá a fi ṣan ẹ̀fọ́, ẹ má dà á nù. Tá a fi fọ aṣọ náà ṣe é lò fún àwọn tó lágbára, bí ọṣẹ ò bá pọ̀ nínú ẹ̀ tí kò dẹ̀ sí bílíìṣì níbẹ̀. Kẹ́ ẹ kó koríko gbígbẹ tàbí èèpo ẹ̀pà lé ilẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀ kó nípọn dáadáa, kí oòrùn má bàa rí ilẹ̀ yẹn ná, àmọ́ kó má kan ara igi, tó bá kàn án á rà tójò bá dé. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò fún ikán náà.

* * *

Ẹ jẹ́ n gbè sẹ́yìn bọ̀dá Mọ́pà lórí ti bougainvillea, torí òótọ́ ló sọ, kò kàn ṣàlàyé ẹ̀ tán ni.

Ohun pupa tá à ń rí yẹn, ewé ni. Já ẹyọ kan kó o tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́. Ewé mẹ́ta ló so pọ̀, wọ́n fẹ́lẹ́ bíi bébà, o máa rí iṣan wẹ́wẹ́ tó gba inú wọn kọjá, ara kọ̀ọ̀kan wọn ni òdòdó gan-an wà, gígùn, tín-ín-rín, ẹnu ẹ̀ funfun, ó kéré débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò rí i rí. Torí pé ewé ni ó jẹ́ kó pẹ́ lára igi, hibiscus tó yọ láàárọ̀ á ti ká kó tó di ọjọ́ kejì, àmọ́ èyí lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Brazil làwọn Faransé ti rí i nígbà tí wọ́n ń wa ọkọ̀ ojú omi yí ayé ká, orúkọ ọ̀gá wọn nínú ọkọ̀, Louis-Antoine de Bougainville, ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ìgbà tómi bá wọ́n ló ń pọ́n. Tómi bá pọ̀, tí ilẹ̀ dẹ̀ lọ́ràá jù, ewé tútù ni á máa kó jáde, á ga, á lọ sórí páànù, kò ní yọ ẹyọ òdòdó kan. Ẹnìkan láti Ẹ̀gbẹ̀ kọ̀wé pé òun ti ní i tó ọdún púpọ̀ kò yọ rí, òun ń kó ìgbẹ́ adìẹ sí i, òun ń bomi rin ín, ó dẹ̀ wà lẹ́bàá igi máńgòrò. Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìdáhùn ti wà nínú ìbéèrè yín. Ẹ jáwọ́ nínú ìgbẹ́ adìẹ, ẹ jáwọ́ nínú omi, ẹ gé ẹ̀ka máńgòrò yẹn tàbí kẹ́ ẹ gé ẹ̀ka bougainvillea náà lọ gbìn síbi tóòrùn wà. Ẹ̀ka tó gbó díẹ̀, tó tó báírò ní títóbi, ni kẹ́ ẹ gé, ẹ tì í bọ ilẹ̀ nígbà òjò. Lẹ́yìn tó bá ti yọ tán tó rẹ̀, ẹ gé e kúrú, orí ẹ̀ka tuntun ló ti ń pọ́n.

Ohun méjì kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Gbòǹgbò ẹ̀ kì í fẹ́ kéèyàn gbọ̀n ọ́n, bí ẹ bá fẹ́ tú u kúrò nínú náílọ́nù ẹ fi bíléèdì la náílọ́nù yẹn, ẹ má fà á yọ. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó lẹ́gùn-ún, ẹ̀gún ẹ̀ ò ṣeé fojú di, nítorí náà ẹ má gbìn ín sẹ́nu géètì tàbí ọ̀nà táwọn ọmọ ń gbà sáré, fẹ́ńsì nibi tiẹ̀.

* * *

Ixora. Ibi tí ìjà ti pọ̀ jù nìyí.

Àwọn tó sọ pé ilẹ̀ wa ni ò dáa, mi ò gbà fún wọn. Ilẹ̀ pupa wa yìí, èyí tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́, ixora fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, torí pé ilẹ̀ tó kan díẹ̀, ìyẹn tó ní ásíìdì díẹ̀, ló ń fẹ́. Ẹ lọ wo àwọn ọgbà iléèwé àtijọ́ àti àwọn ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri Yàgbà àti Ìjùmú, ixora wà níbẹ̀ tó ti dàgbà ju àwọn tó ń gé e lọ. Ohun tó ń sọ ọ́ di yẹ́lò lẹ́sẹ̀ ògiri ni sìmẹ́ǹtì. Nígbà táwọn bíríkìlà ń rẹ́ ilé yẹn, gbogbo mọ́tà tó já bọ́, gbogbo omi sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fọ kúrò lára irinṣẹ́, àjákù búlọ́ọ̀kù, àpò sìmẹ́ǹtì tó ya, ẹsẹ̀ ògiri yẹn ni gbogbo ẹ̀ wà, wọ́n kàn fi yẹ̀pẹ̀ bò ó. Sìmẹ́ǹtì á wá mú kí kíkan ilẹ̀ yẹn lọ, irin tí òdòdó fi ń ṣe ewé tútù á wà nínú ilẹ̀ àmọ́ gbòǹgbò ò ní rí i fà. Ẹ mú ewé kan wò: àárín iṣan kan sí èkejì á di yẹ́lò, iṣan ewé fúnra ẹ̀ á ṣì jẹ́ tútù. Ewé tuntun ló kọ́kọ́ máa ń ṣe é, tó bá jẹ́ ewé ìsàlẹ̀ tó ti gbó ló ń di yẹ́lò, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Aǹtí kan wá sọ pé eérú ni ká dà sí i, pé eérú ń fún ilẹ̀ lókun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da eérú sẹ́sẹ̀ ixora! Eérú dáa fún ilẹ̀ ewébẹ̀ tó kan jù, ọ̀nà kan náà tí sìmẹ́ǹtì ń gbà lòun náà ń gbà, ẹ kàn máa fi ìyọnu kún ìyọnu ni. Omi ọṣẹ náà, ẹ má dà á sídìí ẹ̀.

Àbúrò tó wà ní Ìsánlú, ohun tí wàá ṣe rèé. Kúrò lẹ́sẹ̀ ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta, gbẹ́ kòtò tó jìn dé orúnkún, ṣa gbogbo àjákù búlọ́ọ̀kù àti mọ́tà inú ẹ̀ kó o dà á nù pátápátá, má dà á padà. Fi ilẹ̀ tó o kó wá láti oko dí i, kó o pò ó pọ̀ mọ́ ewé tó ti jẹrà. Fi ṣọ́bìrì họ ara kòtò yẹn kó rí ṣákaṣàka, torí ilẹ̀ líle wa yìí, tó bá dán, omi á dúró nínú ẹ̀, gbòǹgbò á dẹ̀ máa yí po níbẹ̀ ni. Ixora méjì tó kù yẹn ṣì lè jí.

Ohun kan tún wà, àwọn tí ixora wọn tútù àmọ́ tí kì í yọ òdòdó, ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń gé e. Orí ẹ̀ka lòdòdó ẹ̀ ń gbà yọ, gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì tí bọ̀dá onísísọ́ọ̀sì bá wá tẹ́jú ẹ̀, òdòdó tó fẹ́ yọ ló ń gé dà nù yẹn.

* * *

Ẹnìkan béèrè nípa rose. Mo mọ̀ pé ó ń wu àwọn èèyàn. Fún iwájú ilé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn lágbègbè wa, tí íntálọ́ọ̀kì tún ń gbé ooru sókè, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti ná owó lé e. Oòrùn àárọ̀ ló bá a lára mu, kó bọ́ sí ìbòòji lọ́sàn-án. Ẹ̀gbẹ́ ìlà oòrùn ilé ni kẹ́ ẹ gbìn ín sí bó bá jẹ́ dandan.

* * *

Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ló kàn, mi ò dẹ̀ mọ̀dí tí ẹnikẹ́ni ò fi tètè dá a sílẹ̀, nítorí ewúrẹ́ ń pa òdòdó nílùú wa ju ọ̀gbẹlẹ̀ lọ. Hibiscus, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́ dé igi. Bougainvillea náà, ọ̀mùnú ẹ̀ tí ò tíì lẹ́gùn-ún wọ́n ń jẹ ẹ́. Àwọn tó ní oje funfun bíi frangipani àti allamanda ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀.

Ibẹ̀ lẹnìkan ti wá sọ pé ká kúkú gbin oleander yí ilé ká, pé ó ń yọ òdòdó pupa àti funfun láìdáwọ́ dúró, oòrùn ò lè pa á, ewúrẹ́ ò jẹ ẹ́. Gbogbo ohun tó sọ yẹn, òótọ́ ni. Ìdí tí ewúrẹ́ ò fi jẹ ẹ́ ni pé májèlé ni, ewé ẹ̀, igi ẹ̀, òdòdó ẹ̀, gbogbo ara ẹ̀ pátá, ọkàn ló ń kọ lù. Èyí tó ń yọ òdòdó yẹ́lò bí agogo tí èso ẹ̀ ní igun, tó wọ́pọ̀ lágbo ilé àtijọ́, ìbátan ẹ̀ ni, kóró inú ẹ̀ léwu gan-an fún ọmọdé. Nínú ilé tí ọmọ kékeré wà, tàbí ibi tí wọ́n ti ń sin ẹran, mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀. Ẹ̀ka tẹ́ ẹ gé sílẹ̀ tó gbẹ lewu jù, ìgbà yẹn lẹran ń ṣèèṣì jẹ ẹ́. Ẹ má fi dáná, ẹ má fi rin pákò, ẹ má fi yí ẹran suya.

Ìyá kan tún ní òun ní òdòdó kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà, pínńkì àti funfun, tí ewé òdòdó ẹ̀ jẹ́ márùn-ún, tó ń hù níbi tí sìmẹ́ǹtì ti sán, òun dẹ̀ ń se ewé ẹ̀ mu fún àtọ̀gbẹ. Periwinkle nìyẹn, Madagascar ló ti wá. Gẹ́gẹ́ bí òdòdó fún ibi tóòrùn wà, mi ò rí èyí tó rọrùn tó o, ó ń yọ láti January dé December, fúnra ẹ̀ ló ń gbin ara ẹ̀, omi àpọ̀jù nìkan ló ń pa á. Àmọ́ Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má se é mu mọ́. Inú ewé yẹn gan-an ni wọ́n ti ń yọ vincristine àti vinblastine, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ, pẹ̀lú èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé, oògùn tí dókítà ń wọ̀n kínníkínní kó tó fún èèyàn. Kò sẹ́ni tó lè mọ iye tó wà nínú ìkòkò tẹ́ ẹ sè. Ẹ jẹ́ kó wà lẹ́nu ọ̀nà kó máa dára lójú, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà yín fún ti àtọ̀gbẹ.

* * *

Mo fẹ́ sọ ti àwọn òdòdó ilé tiwa, mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní fara mọ́ ọn.

Ṣọkọ tẹ́ ẹ̀ ń já sínú ọbẹ̀, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ láìjá, ẹ jẹ́ kó gbó. Orí ẹ̀ á yọ gbọọrọ, á funfun dídán nísàlẹ̀, á pínńkì lókè, oyin á máa rọ́ wá síbẹ̀. Òun kan náà ló ní ìbátan tí wọ́n ń tà ní nọ́sìrì lówó ńlá, èyí tórí ẹ̀ pupa. Kóró ẹ̀ dúdú wẹ́wẹ́, tó bá ti gbọ̀n dànù lẹ́ẹ̀kan, tójò bá ti dé ẹ ti ní òmíràn. Ìsápá náà ńkọ́? Tí October bá ń parí lọ tí ilẹ̀ ti ń tètè ṣú, á yọ òdòdó fẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tí inú ẹ̀ pọ́n dúdú, lẹ́yìn náà ni ohun pupa tó ń bo èso ẹ̀, tá a fi ń ṣe zobo, á tò sára ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè. Tannápọsọ́ tí àwọn ìyá wa ń gbìn lẹ́nu ilé, oòrùn ọ̀sán ò fi í ṣe nǹkan, ìrọ̀lẹ́ ni í là, òórùn ẹ̀ á gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á wọlẹ̀ lọ, tójò bá dé á tún jáde, torí ó níṣu nísàlẹ̀ ilẹ̀.

Ẹnìkan dá mi lóhùn pé ọbẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe òdòdó, pé àlejò á rò pé oko ló wà níwájú ilé. Mi ò gbà. Ohun tó ń yọ òdòdó òdòdó ni, àti pé àwọn wọ̀nyí kò béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tí mo máa gbà pé kó má wọ inú ọgbà ni àgbálẹ̀, èyí tó ń yọ yẹ́lò lọ rẹpẹtẹ létí títì Kábà sí Ọ̀bájáná nígbà tójò bá ń ká lọ. Ó rẹwà lóòótọ́, ilẹ̀ Mexico ló ti wá, àmọ́ tó bá wọlé yín kò ní jáde mọ́. Ẹ lọ gé e nígbà tó ṣì tútù, kó tó yọ òdòdó, kẹ́ ẹ kó o sídìí àwọn tẹ́ ẹ gbìn, ó ń jẹrà kíá, ajílẹ̀ tó dáa ni.

* * *

Àbúrò Ìsánlú padà wá, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an, ọ̀rọ̀ ti pọ̀, kí ni kí n gbìn gan-an báyìí? Mi ò ní wà nílé, Màmá nìkan ló wà níbẹ̀, wọn ò dẹ̀ lè máa gbé omi."

Ó dáa. Orí fẹ́ńsì, bougainvillea, méjì ti tó, wọ́n máa ń gbòòrò. Ní kọ̀rọ̀ fẹ́ńsì níbi tó jìnnà sí ọ̀nà, Pride of Barbados kan, kóró ẹ̀ le, rẹ ẹ́ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ mọ́jú kó o tó gbìn ín, kò ní pẹ́ yọ òdòdó. Má lọ gbin panṣẹ́kẹ́ síbẹ̀ torí pé òdòdó wọn jọra o, gbòǹgbò panṣẹ́kẹ́ kì í wọlẹ̀ jìnnà, á gbé íntálọ́ọ̀kì ẹ sókè, á la fẹ́ńsì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, frangipani kan, àmọ́ kó jìnnà sí páànù. Ẹ̀ka lo máa gé, fi í sí ìbòòji fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ojú ibi tó o ti gé e gbẹ kó o tó rì í, tó o bá gbìn ín tútù á rà. Sọ fún Màmá pé ewé ẹ̀ máa rẹ̀ dànù tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n má rò pé ó ti kú kí wọ́n fà á tu.

Nísàlẹ̀, periwinkle. Nínú ìkòkò tàbí táyà tó ti gbó, èyí tí wọ́n ń pè ní ten o'clock, ewé ẹ̀ sanra, ó máa ń là tóòrùn bá ti mú, á sì pa dé tó bá di ọ̀sán, já ìka kan péré lára ti aládùúgbò kó o tì í bọ yanrìn. Tó o bá ń ti òkè Ọya bọ̀ tó o rí desert rose, ìyẹn tí ìdí ẹ̀ wú, rà á, àmọ́ inú ìkòkò tó ní ihò nísàlẹ̀ ni, tí yanrìn pọ̀ nínú ẹ̀, kó wà lábẹ́ ẹnu páànù nígbà òjò, ọ̀rinrin ilẹ̀ wa máa ń jẹ ìdí ẹ̀ rà. Òun náà ní oje tó léwu, gbé e sókè fún àwọn ọmọ. Lẹ́bàá tánkì níbi tómi ti ń kán, fi ìdò, ìyẹn canna, síbẹ̀, òun ló fẹ́ràn ọ̀rinrin nínú gbogbo wọn.

Hibiscus kan ṣoṣo lè wà lẹ́bàá ibi ìfọbọ́ tí Màmá bá fẹ́. Tí nǹkan funfun bí òwú bá mú un, ẹ fi omi ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́ fọ̀ ọ́, ewé dongoyárò tá a gún sínú omi tá a sẹ́ náà ń ṣiṣẹ́.

* * *

Ìyàwó ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló kọ èyí tó kẹ́yìn: "Ma, ẹ kú ìtọ́ni. Ejò ni mò ń bẹ̀rù, ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká da íntálọ́ọ̀kì bò ó. Òdòdó ń kó ejò wọlé."

Ìyàwó wa, ẹ̀rù yẹn tọ́. Kì í ṣe òdòdó lejò ń wá wò o, eku, alángbá àti ọ̀pọ̀lọ́ ló ń lé wá, ibi tó ṣókùnkùn tó sì tutù náà ló ń wá fara pamọ́ sí. Nítorí náà ẹ gé gbogbo ẹ̀ka tó ń wọ́ nílẹ̀, kí ìdí gbogbo òdòdó yín ṣí sílẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan láti ilẹ̀, kéèyàn máa rí ògiri láti ẹ̀yìn ẹ̀. Koríko tí mo ní kẹ́ ẹ kó sídìí ẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ti àárín ọgbà àti fẹ́ńsì, tẹsẹ̀ ilé kí ẹ lo òkúta wẹ́wẹ́ dípò ẹ̀. Ẹ má kó búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́ kù àti páńkó jọ sẹ́bàá ògiri, ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ lọ wò tó bá jẹ́ èmi. Lẹ́bàá fèrèsé yàrá, periwinkle àti ten o'clock nìkan ni kẹ́ ẹ gbìn, wọn ò ga, wọn ò kì. Bougainvillea yẹn, kó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, kẹ́ ẹ máa gbá abẹ́ ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń gbá iwájú ilé.